Álítò Tó Kọ̀ Láti Gòkè

Ọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ ní Ute ni wàhálà orin yìí bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá náà, òun ló sì máa ń darí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ìlú náà nígbàkígbà tí àlùfáà kò bá lè wá. Jemimah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti kúrò ní Ute tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ náà ló ti ń kọrin. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe kó ara wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, tí wọ́n wá bá a ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún bàbá rẹ̀. Wọ́n kọ orin kan tí ó máa ń wù wọ́n kọ níbi ìsìnkú, èyí tí ó parí sí "ilé ayọ̀".

Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn nu ojú. Nígbà tí wọ́n ti ibojì dé, tí àwọn ẹbí jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, Màmá Babáyẹmí, ní kí wọ́n bá òun pe Jemimah. Ojú ìyá náà kò ríran mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn álítò ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Jemimah, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kọrin. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ní ilé a yọ́?"

"Ilé wo, Màmá?"

"Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ ní ilé a yọ́. Mo wá ń rò ó pé ilé ta ni. Ṣé èyí tí àbúrò mi ń lọ ni, àbí èyí tó fi sílẹ̀ fún yín?"

Jemimah fẹ́ sọ pé ilé ayọ̀ ni àwọn wí. Kó tó la ẹnu, ó fi imú kọ ohùn tirẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ìyá náà gbọ́. Ìyá náà kò ṣì í gbọ́ rárá.

Ẹni tó bá ti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ bó ṣe rí. Ohùn mẹ́rin ni: sopuránò lókè, álítò tẹ̀ lé e, tẹ́nọ̀, báàsì nísàlẹ̀. Sopuránò ló ń gbé orin gan-an, ohùn tirẹ̀ sì ni ẹni tó kọ orin máa ń mú bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Lórí "ayọ̀" yẹn, sopuránò ń ti re bọ̀ sórí do, ó wálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wálẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà, álítò ń kúrò lórí ti, ohùn keje nínú do-re-mi, ó ń gòkè lọ sórí do, báàsì náà ń fò sókè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ní dò-re-mí ohùn ọ̀rọ̀ mọ̀ pé bí o bá gbé ohùn tó yẹ kó wálẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ mìíràn lo sọ. Ìdajì àwọn akọrin ń kí òkú lọ sí ilé ayọ̀, ìdajì ń kéde pé ilé a yọ́.

Ohun tó dun Jemimah jù ni pé láti kékeré ló ti jẹ́ álítò. Bàbá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ki. Ara ilẹ̀kùn àká kòkó ni bàbá náà máa ń fi èédú kọ do, re, mi sí, tí yóò kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rhoda jọ síwájú rẹ̀. Nígbà tí Jemimah bínú pé Rhoda ló máa ń kọ ibi tó dùn, bàbá ní, "Rhoda ló ń gbé orin. Ìwọ lò ń gbé Rhoda." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ọjọ́ yẹn wá. Ó wá di pé gbogbo ohun tó ti ń gbé, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni.

Ó padà sí Ọ̀wọ̀, kò sì lè sinmi. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, yóò kọ ohùn álítò orin kan fún ọkọ rẹ̀, Olúgbádé, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í kọrin, yóò ní kó sọ ohun tí ó gbọ́. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ti ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀ kó wá wọ ọkọ̀, Olúgbádé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkọ́ lẹ ní kí wọ́n wọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń wọ ọkọ́?"

Jemimah kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga ló gbà á lọ́mọ ẹ̀kọ́. Òun ni ọ̀gá akọrin, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Ó ti fi orin kíkọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí akọrin kan tó ní láárí ní agbègbè náà tí kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣahun. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó máa ń jókòó ti Jemimah nínú yàrá akọrin, ó ń kọ́ ọ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń rìn pọ̀ láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ibi ìparí ẹsẹ orin, tí àwọn akọrin ń pè ní kédẹ́ǹsì, ìgúnlẹ̀ ni òun máa ń pè é. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. "Ọkọ̀ ojú omi tí kò mọ èbúté," ó wí, "kò yàtọ̀ sí igi tó ń léfòó."

Jemimah gbọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi ro àwọn méjèèjì lára.

Wọ́n kéde àjọ̀dún akọrin fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè náà. Ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan ni yóò mú orin Yorùbá tuntun wá, ní ohùn mẹ́rin, láìlo dùùrù. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga ní kí Jemimah kọ ti Ọ̀wọ̀. Ó kọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ti oko dé nígbà tí òjò ń bọ̀, tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi "ilé ayọ̀" parí rẹ̀. Nígbà tó dé ìgúnlẹ̀ yẹn, ó ní kí gbogbo ohùn sọ̀kalẹ̀: sopuránò láti re sí do, álítò láti ti sí so, tẹ́nọ̀ láti fa sí mi, báàsì láti so wá sí do ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gòkè.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga kà á nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń fi ìka lu apá àga. Nígbà tó dé ojú ewé ìkẹyìn, ìka náà dúró.

"Jemimah, ibí yìí kò dára."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"Ti ní ilé. Do ni ilé rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ pé ti kì í sùn síta. O sì kó ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, o jù wọ́n sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni sọ igi ìdáná kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn a máa gòkè. Òfin ni."

"Mo mọ òfin náà, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ti bá lọ sílé, ọ̀rọ̀ ni yóò sùn síta."

"Ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ álítò?"

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sọ ọ́ láti bú u. Ohun tí ó rò gan-an ni.

"Èmi, sà," Jemimah ní. "Èmi ló ń gbọ́ ọ."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga ní kó lọ rò ó wò. Jemimah rò ó wò, kò yí i padà.

Nígbà tí ìdánrawò bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pín ìwé orin fún gbogbo akọrin, Jemimah jókòó sí àyè rẹ̀ láàrin àwọn álítò. Wọ́n ka orin náà já. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, ohùn àwọn álítò tó yí i ká gòkè sórí do. Ó wo ìwé náà. Ọ̀gá akọrin ti tún ìgúnlẹ̀ rẹ̀ kọ bó ṣe fẹ́, kò sì sọ fún un. Orúkọ rẹ̀ ló ṣì wà lókè ìwé náà.

Jemimah dìde dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, orin yìí kọ́ ni mo kọ."

"Jókòó, Nọ́ọ̀sì. Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ni. Àwọn onídàájọ́ láti Àkúrẹ́ ń bọ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Kí wọ́n wá bá ìtìjú mi níbẹ̀. Tèmi ni."

"Mo ní kí o jókòó."

Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó tirẹ̀, ó ń gba ìwé orin náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ń kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó jù ú lọ. Àwọn kan fún un. Àwọn kan di tiwọn mú, wọ́n ń wo ojú ọ̀gá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà á gbà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá akọrin, ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lórin, sà, n kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa kọ orin yìí, ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Bí ẹ kò bá ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ orúkọ mi kúrò lórí rẹ̀, ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ bàbá mi kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù, tiyín ni."

Ó jáde. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì pè é lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní kó lọ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo akọrin. Jemimah ní òun yóò tọrọ àforíjì pé òun dìde nígbà tí ọ̀gá ní kí òun jókòó, ṣùgbọ́n òun kò ní tọrọ ti ìgúnlẹ̀. Àlùfáà ní àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ó fọ aṣọ akọrin rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà.

Olúgbádé kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀wọ̀ kò tóbi. Ẹni tí o bá bínú sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ó tún pàdé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, o ó tún pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ.

"Ṣé nítorí 'yọ̀' kan ṣoṣo ni gbogbo èyí?" ó bi í.

"Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ sí èébú ní ìparí orin, ṣé wàá ní orúkọ kan ṣoṣo ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Olúgbádé fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e lọ sí Ute.

Akọrin wà ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan. Rhoda ni olórí sopuránò. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn ń ṣe gààrí. Sylvanus tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni olórí tẹ́nọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń jiyàn. Jemimah kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. Ó ní orin kan wà tí Ọ̀wọ̀ kọ̀, pé bí wọ́n bá gbé e lọ sí àjọ̀dún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fìdí rẹmi.

Sylvanus béèrè pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára?"

"Bàbá mi ni mo kọ ọ́ fún."

"Nígbà náà, jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ọ́ dé ìparí, inú Jemimah bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dá ṣáká lẹ́nu gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orin náà ṣubú gbì. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ wí ló rí gan-an: igi ìdáná tí wọ́n sọ kalẹ̀. Ó padà sí Ọ̀wọ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, bó ti ń gbẹ̀bí, tó ń wẹ ọmọ, ìgúnlẹ̀ yẹn ń ṣubú lọ́kàn rẹ̀. Ì bá rọrùn fún un láti jẹ́ kí ti gòkè. Kò gbà. Ó mọ̀ pé òfin ọ̀gá rẹ̀ rí nǹkan, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè fi wo nǹkan náà sàn.

Tẹ́nọ̀ ló fún un ní ọ̀nà. Sylvanus máa ń pẹ́ kó tó fi ohùn sílẹ̀. Ó fẹ́ràn fa yẹn, a máa dì í mú lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti dé ìsàlẹ̀. Jemimah ti ń bá a wí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dákẹ́, ó gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́ta gúnlẹ̀. Fa dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń ro wọ́n lára bí ẹni tí kò fẹ́ kí aláìsàn lọ. Lẹ́yìn náà ó rọra bọ́ sórí mi, ara sì tù. Òun náà wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n Sylvanus, ẹ má yára mọ́," Jemimah ní. "Bí ẹ ṣe ń pẹ́ yẹn, ẹ máa pẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti ń sọ fún ẹ látọjọ́ yìí," Sylvanus dáhùn. Irọ́ ló pa, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ó sì kún fọ́fọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ politẹ́kíníìkì kún ẹ̀yìn, wọ́n dúró sí ojú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga jókòó síwájú pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Nígbà tí wọ́n pe Ute, tí ó rí Jemimah tó kó àwọn akọrin rẹ̀ jáde, ó dìde. Ó ní kí alága jọ̀wọ́ dúró. Ó ní òun ti rí orin yìí, òun sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́ pé ìgúnlẹ̀ rẹ̀ lòdì sí òfin, pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó dójú ti àwọn ará Ute tí kò mọ̀.

Ojú ti àwọn akọrin Ute. Àwọn kan wo ilẹ̀. Jemimah kò wo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, alága sà," ó ní, "àwọn ará Ute mọ̀. Mo sọ fún wọn ká tó kúrò nílé. Ìwé ìpè yín ní ohùn mẹ́rin, ó ní Yorùbá, ó ní tuntun. Kò sọ pé ti gbọdọ̀ gòkè. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ o. Bó bá burú, ẹ̀yin onídàájọ́ wà níbẹ̀."

Alága wo ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Wọ́n kọ ọ́. Báàsì wọn kò pọ̀, ohùn Rhoda sì gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé "ilé ayọ̀", ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Sylvanus di fa mú ju bó ṣe máa ń dì í mú lọ. Nígbà tó fi í sílẹ̀, obìnrin kan láàrin èrò sọ pé "Àṣẹ" jẹ́jẹ́, bí ẹni pé òun nìkan ló wà nílé. Kò sí ẹni tó tètè pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó yá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbà á.

Wọn kò gba ẹ̀bùn. Nígbà tí wọ́n ka èsì, Ute wà lẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣáájú. Olórí àwọn onídàájọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, sọ pé orin náà wọ òun lára, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú ìgúnlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní láti gé máàkì. Ó ní kí Ute tún un ṣe, kí wọ́n gbé e padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Jemimah dìde níbi tó jókòó sí. "A dúpẹ́, sà. A máa padà wá. Ṣùgbọ́n a ò ní tún un ṣe."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn akọrin Imoru ní agbègbè náà ránṣẹ́ béèrè orin náà, àwọn ará Isuada náà sì ní kí Jemimah wá kọ́ wọn. Wọn kì í fún un ju oúnjẹ lọ, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Ọ̀wọ̀ tún pè é, ó ní ìtọrọ àforíjì kékeré ti tó, kó kàn padà. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti ní ibi tí òun ń jókòó. Ọjọ́ Àìkú tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, Ute ló ń lọ. Méjì nínú àwọn álítò Ọ̀wọ̀ ti ń bá a wọkọ̀ báyìí.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fẹ́ tẹ ìwé orin tuntun jáde, wọ́n sì rán Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga sí Jemimah, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìgbọ́ra-ẹni-yé ti wà láàrin wọn kí ìjà tó dé. Ó wá sí ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó jẹ iyán tí wọ́n gbé fún un tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n fẹ́ tẹ orin rẹ. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ ìgúnlẹ̀ méjì, tìrẹ àti èyí tó tọ́. Kí akọrin yan èyí tó wù ú."

"Rárá, sà."

"Bí o bá kọ̀, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ rárá."

"Kí wọ́n fi í sílẹ̀, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga ti abọ́ iyán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Fa tí tẹ́nọ̀ yẹn dì mú. Ta ló fi hàn ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Sylvanus ti Ute ni. Àgbẹ̀ ni."

"Ó dára. Ti tí o mú sọ̀kalẹ̀ yẹn kò tíì dára síbẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Wọ́n tẹ ìwé náà jáde láìsí orin rẹ̀ nínú. Jemimah ra ẹ̀dà kan, nítorí àwọn orin mìíràn tó wà nínú rẹ̀ dùn. Nígbà tó sì parí orin rẹ̀ kejì, fún àwọn aláboyún tó ń dúró de ìrọbí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fi ìwé orin náà sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ bá mi yẹ àárín rẹ̀ wò, sà. Mo mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí ohùn ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àṣìṣe, ẹ fi bírò pupa sí i." Ó fi ọwọ́ bo ìlà ìkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ibí yìí, sà, ẹ má fọwọ́ kàn án."